Kóró Tó Kọ̀ Tí Kò Jó

Rárá o, ìyálé mi, ẹ má tíì jókòó. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa, ó lè jẹ́ etí mi ló di. Ọkọ yín, ẹ̀gbọ́n bàbá Sang-u, ló ní kí ẹ wá sọ fún mi pé kí Sang-u ọmọ mi gun igi páìnì lọ́la? Sang-u tí bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Chuncheon pẹ̀lú irin nínú itan, tó jẹ́ pé orí igi yẹn náà ló ti já bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Àti pé kí èmi má sún mọ́ ìdí igi, kí n má sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí a máa gbé síwájú àwọn baba ńlá lọ́dún Chuseok, torí pé ọwọ́ mi ò dáa? Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ tí ẹ jẹ́.

Ẹ jókòó wàyí. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà, ọ̀rọ̀ ló ń ta mí lẹ́nu.

Ṣé nítorí kóró oṣù kìíní yẹn náà ni? Ẹ̀yin náà kúkú wà níbẹ̀. Alẹ́ tó ku ọ̀la kí òṣùpá àkọ́kọ́ ọdún kún, gbogbo wa péjọ sílé yín, olúkúlùkù mú kóró páìnì kan tí a ti bó, ó fi abẹ́rẹ́ gún un, ó ṣáná sí i, ká lè mọ bí ọdún ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí. Ta ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ abọ́? Ọkọ yín ni. Ó tú u síwá sẹ́yìn, ó ṣa èyí tó sanra jù. Ẹ̀yin tẹ̀ lé e, bàbá Sang-u tẹ̀ lé yín, àwọn ọmọ mú, àwọn ọmọ ọmọ yín mú. Èmi ńkọ́? Èmi wà nílé ìdáná, mò ń fọ abọ́ tí gbogbo yín fi jẹun. Nígbà tí mo fi máa nuwọ́ dé, ẹyọ kan ló kù nísàlẹ̀, ó hunjọ bí ìka ẹni tó pẹ́ nínú omi. Mo ṣáná sí i, ó rú èéfín, ó kú. Mo tún ṣáná sí i, ó tún kú. Ti ọkọ yín ń jó bí àtùpà, ó ń kán epo sórí tábìlì. Ó wá wo ojú mi níwájú ọmọ tí mo bí, ó ní, "Ìyá Sang-u, ìwọ lo máa kó bá wa lọ́dún yìí." Ẹ̀yin sì rẹ́rìn-ín. Ẹ má sọ pé ẹ ò rẹ́rìn-ín, mo rí eyín yín.

Látọjọ́ náà, bí màlúù bá kọ oúnjẹ, èmi ni. Bí òjò bá pa ata tí a sá, èmi ni. Ó tó àkókò kan, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wá pè mí pé bàbá Sang-u ti já bọ́, kí n tó ké rárá, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni mo pa ọkọ mi. Ẹ wo ohun tí ọkọ yín fi sí mi nínú.

Kí ni bàbá Sang-u tiẹ̀ gun igi lọ mú? Èso tó fi ọ̀pá já lulẹ̀ kó tó ṣubú nìyí, mo kó gbogbo ẹ̀ wálé. Ẹ gba òkúta yìí, ẹ fọ́ kóró tó bá wù yín. Kí lẹ rí? Èèpo. Ẹ fọ́ òmíràn. Èèpo náà ni. Bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń dán, kò sí ihò, kò sí àpá. Ẹ wá fọ́ eléyìí. Ọmọ wà nínú ẹ̀, àmọ́ ó ti hunjọ. Ìyálé mi, ibo la ti rí irú ẹ̀ rí? Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Ẹ̀n-ẹ́n, nínú abọ́ oṣù kìíní.

Kòkòrò ló mu epo inú rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ mi. Kòkòrò pupa rúsúrúsú tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí ewé yẹn, tí wọ́n ní inú gẹdú ilẹ̀ òkèèrè ló bá wọ̀lú. Ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Á fi gún èso lórí igi, á fa inú ẹ̀ mu, á ṣẹ́ èèpo kù fún wa. Gbogbo agbègbè Gapyeong wa yìí ló ń sunkún ẹ̀. Ibo ló sì ń sùn nígbà òtútù? Ẹ má wo ilẹ̀, abẹ́ òrùlé yín ni. Ṣebí mo gbá ìgbálẹ̀ mú lọ́jọ́sí kí n gbá wọn dànù, ọkọ yín ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ohun tó bá wá yáná nílé ẹni, àlejò ni, ẹni tó bá lé e ti lé oríire jáde. Àlejò kẹ̀! Ó fi ilé gbígbóná tọ́jú olè, bí òtútù bá lọ tán, olè á gba orí òkè wa lọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mo fẹ́ gbá a dànù ni wọ́n wá ń pè ní olóríburúkú.

Ọkọ yín ní àwọn baba ńlá ò gbọdọ̀ jẹ kóró tí a rà lọ́jà, àfi ti orí òkè wa. Ṣé wọ́n wá ní eyín tí wọ́n á fi jẹ èèpo ni? Kí ọmọ mi gun igi tó ga ju òpó iná méjì lọ, torí èèpo? Mi ò gbà. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí ni kí ẹ ṣe jíṣẹ́: ìyá Sang-u ò gbà.

Ẹ ní ọmọ náà ti gbà? Tó bá gbà ńkọ́? Sang-u ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún àgbàlagbà, bàbá ẹ̀ ló jọ. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, ó sì ń dùn lẹ́nu mi.

Ẹ dúró, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Bàtà onírin tí bàbá Sang-u fi ń gun igi nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára okùn ẹ̀, mi ò fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e fún ọkọ yín. Èmi tí iná mi kú, kí n jìnnà sí ìdí igi, àbí? Mo ti gbà, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀. Ta wá ni iná tiẹ̀ mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wa? Ta ni tiẹ̀ ń kán epo sórí tábìlì? Ẹni tí orí rẹ̀ dáa tó bẹ́ẹ̀, igi wo ló lè já a sílẹ̀? Kó wọ bàtà lọ́la, kó gùn ún. Ó kàn lè fún un lẹ́sẹ̀ díẹ̀ ni, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ sanra bíi kóró tó ṣà.

Kí lẹ ń fọwọ́ bo ẹnu sí? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín náà jáde, ìyálé mi. Ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín lóṣù kìíní. Lónìí, ọkọ yín ló kàn.