Àgbà tí Mo Kúnlẹ̀ Kí ní Jerúsálẹ́mù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Ọlọ́run! Ẹ tún un hó! Díẹ̀ ló kù kí èmi tíṣà àná má padà wá sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu yìí mọ́.

Ẹ mọ̀ pé àwọn kan máa ń lọ Jerúsálẹ́mù, wọn kì í padà wálé. Fíkà wa ló fọwọ́ sí ìwé pé èmi ó padà. Wọ́n ní, "Màmá, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ o. Ẹ má dójú tì mí." Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ sá lọ ṣe?"

Lọ́jọ́ tí a ó padà, a wọ ìlú àtijọ́ lọ. Háà, mo rí nǹkan! Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, wọ́n ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí, àwọn Júù ń sáré lọ síbi ògiri àdúrà wọn, lójú ọ̀nà tóóró kan náà. Olórí ìrìn àjò wa ní, "Aago mẹ́rin lọkọ̀ á gbéra. Ẹni tí a ò bá rí, a ó kọ ọ́ pé ó sá lọ."

Mo rí bàbá arúgbó kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé a máa ń kọjá lára àgbà láìkí i ni? Mo kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Ó rò pé mo ṣubú ni, ó ń fà mí dìde. Kí n tó gbójú sókè, àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ. Yéè!

Mo sáré sọ́tùn-ún, mo sáré sósì. Gbogbo ọ̀nà jọra. Ojú Fíkà ni mo ń rí. Mo gbàdúrà títí, ọ̀dọ̀ bàbá yẹn náà lẹsẹ̀ mi tún gbé mi dé. Ó wò mí. "Nàìjíríà? Bọ́ọ̀sì?" Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì, sà!" Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó mú mi dé ìdí ọkọ̀. Bírò ti wà lọ́wọ́ olórí wa. Olúwa, o ṣeun, o ṣeun!

Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo gbé oúnjẹ tì, mo rántí ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti di Mùsùlùmí, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, mo ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, n kì í kí i. Mo kúnlẹ̀ fún àgbà tí n kò mọ̀ rí, n kò kúnlẹ̀ fún èyí tó pọ̀n mí dàgbà.

Lánàá tí mo dé, n kò tíì dé ilé mi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo lọ kúnlẹ̀ sí. Ó ní, "Dìde. Wá sí ulé. Ṣé o ti jẹun?" Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ìwọ tó o sọnù lónìí, Ọlọ́run á rán ẹni sí ọ. Ó lè má jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ. Má kọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, ẹ yà kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti jókòó síta, ó ń retí yín.