Koríko Inú Adágún Ẹja

Nínú takisí tó gbé wa láti Ayédé lọ sí Òyè ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín bàbá kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó gbé ike koríko omi lé itan.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, Bàbá. Mo gbìn ín, ẹ fà á tu."

"Ìyàwó, ta ní ń gbin koríko? Ẹni tó bá kọjá yóò ní ọ̀lẹ ni ọmọ mi."

"Abẹ́ omi ló wà! Ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹja ń sá sí. Ẹ fà á tu tán, àwọn ńlá gbé àwọn kéékèèké mì. Ó kù díẹ̀ kí adágún ṣófo."

"Kí ni uṣẹ́ oko bí kò ṣe ríro? N kò rí koríko rí kí n fi í sílẹ̀."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ sáà kà á sí ẹ̀fọ́, Bàbá mi."

Bàbá yọjú wo inú ike náà títí. "Ẹ̀fọ́ náà, a máa ń ro ìdí rẹ̀."

Obìnrin náà fi ìborùn bo ike náà.

A máa ń ro ìdí rẹ̀. Mo wo ọwọ́ tèmi náà, ọwọ́ àgbẹ̀, mo sì mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi ni, n ó fà á tu.