Fíìmù Lisiate àti Irọ́ Tí Mo Pa fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Lisiate dé, mo ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Àlùfáà ìjọ wa gba etí òkun wá, ó ṣí fìlà, kò sì kí mi. Ó ní, “Inoke, wọ́n pè láti Ọsirélíà. Lisiate sùn ní ibùdó àwọn tó ń ká èso, kò jí mọ́.” Mo ní ẹ ṣeun. Ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn, ẹ ṣeun, bí ẹni tí wọ́n gbé omi fún. Ó wá sọ pé ọ̀dọ̀ Kalolaine, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni òun ti kọ́kọ́ lọ, pé kò sunkún, gbólóhùn kan ló sọ: “Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò jókòó tì í lórí.” Ní erékùṣù wa, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni í jókòó sí ìhà orí òkú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin títí wọn yóò fi gbé e jáde. Bí ààyè yẹn bá ṣófo, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò mọ̀ pé òkú náà ṣẹ̀ ẹ́, kò sì dárí jì í. Ẹ̀yin ará, Lisiate kò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ṣẹ àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, n kò sì lè fi pa mọ́ mọ́, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé aláìṣẹ̀ wọ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bi mi lọ́rùn.

Àwa mẹ́ta la jọ dàgbà, èmi, Lisiate àti Feleti. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kan náà la lọ, a jọ máa ń jókòó mu kava, omi gbòǹgbò tí àwọn ọkùnrin wa ń mu, ní ìrọ̀lẹ́, a jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí Lavinia, ẹni tí Lisiate fẹ́ gbé níyàwó, wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Niu Sílándì, tó sì ránṣẹ́ pé òun kò ní padà wá, Lisiate dùbúlẹ̀ ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun, kò wẹ̀. Feleti, aláwàdà wa, ló ní ká fi ìwòsàn rẹ̀ ṣe fíìmù ẹlẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ni mo ní kámẹ́rà. A gbé ọkùnrin náà dìde. Feleti wọ aṣọ obìnrin, ó so èèpo àgbọn méjì mọ́ àyà, ó sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń yídìí, kí Lisiate lè fi kọ́ bí yóò ṣe dúró bí ó bá tún pàdé Lavinia. “Lisiate, olólùfẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?” Lisiate wò ó títí. “Lavinia ò nírùngbọ̀n tó báyìí.” Feleti ní, “Afẹ́fẹ́ Niu Sílándì ló hù ú. Ṣé o ò wá fẹ́ mi mọ́ ni?” Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Lisiate, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti lọ. Lọ́jọ́ kejì a ní kó lé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó máa ń jẹ̀ nínú òkun nígbà tí omi bá fà, kó fi ìbínú rẹ̀ lé wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ló padà lé e. Ó jáde láti inú ẹrẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹ kókò, ó jẹ ẹja, ó ní ká bu sí i. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ rere ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹ̀gbin.

Kó tó di pé ara rẹ̀ yá, èmi àti Feleti ti lọ yọjú lójú fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti wọ aṣọ tí Lavinia gbàgbé fún ìrọ̀rí, ó gbá a mọ́ra, ó ń fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó ń sọ fún un ohun tí ọkùnrin ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin mìíràn ì bá rọra yí padà kúrò níbẹ̀. Èmi gbé kámẹ́rà sókè, mo bu ọwọ́ ara mi jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́. Nígbà tí mo fi í hàn án lẹ́yìn náà, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ fi han àwọn ọkùnrin, kò burú. Ta ni kò mọ̀ nínú wọn? Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn obìnrin máa wò, Inoke, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa wà níbẹ̀.” Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kì í kọjá láàárín arákùnrin àti arábìnrin. Bí àwàdà bá ti ń lọ síbẹ̀ ní àwùjọ, ọ̀kan nínú wọn yóò dìde jáde, kódà bí wọ́n bá ti darúgbó. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣètò fíìmù náà lọ́nà méjì, ti àwọn obìnrin lọ́sàn-án, ti àwọn ọkùnrin ní ìrọ̀lẹ́. Lisiate ní kí n búra. Mo gbé ọwọ́ lé ìwé orin wa, mo búra.

Lọ́jọ́ àfihàn, Lisiate wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ, ó ń gbẹ́ ihò tí a ó dáná sí láti se oúnjẹ àwọn àlejò. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní títí dé ẹnu ọ̀nà. Kalolaine wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Feleti, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ẹlẹ́dẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n rọlẹ̀. Nígbà tó parí, obìnrin kan yán. Òmíràn ní, “Ó tán? Inoke, ṣé fíìmù lo ṣe ni àbí ìwàásù?” Òmíràn ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, olùkọ́ ni, ibi tí agbára ẹ̀ mọ nìyẹn.” Ẹ wo ohun tó tó láti mú mi ta ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe ebi, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Obìnrin kan yán ni. Mo ní, “Ẹ má tíì dìde, ó kù.” Mo ṣí ti àwọn ọkùnrin. Feleti rí i, ó fa aṣọ mi. “Inoke, ti àwọn ọkùnrin nìyẹn! Kalolaine ló jókòó síwájú yẹn o!” Mo ní, “Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.” Ó ní, “Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o,” ó sì jáde. N kò dá a lẹ́bi. Ìka mi ló tẹ̀ ẹ́, mo mọ ohun tí mo ń tẹ̀.

Ẹ̀rín náà wá. Mo rí ohun tí mo fẹ́. Wọ́n ń lu ẹní, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn, omi ń bọ́ lójú wọn, àwọn màmá àgbà pàápàá ń fi abẹ̀bẹ̀ bojú wọn sì ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lára aṣọ funfun tí a ta fún àfihàn, Lisiate ń bẹ ìrọ̀rí pé kó má lọ. Bí mo bá rántí pé inú mi dùn ní ìṣẹ́jú yẹn, ara mi a máa rí mi lára. Kalolaine dìde. Ó wé aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì ń ká ẹsẹ̀ kò fún un láìwò ó. Ẹnì kan kígbe pé, “Kalolaine, àbúrò ẹ mà gbóná o!” Gbogbo ilé tún bú. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ mọ ara yín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bu májèlé náà fún yín mu.

Síbẹ̀ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Kalolaine dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Inoke, ṣé Lisiate mọ̀ pé mo máa wà nínú ilé yẹn?” Mo ní ó mọ̀. “Ṣé ó mọ̀ pé ẹ máa fi ìyẹn hàn?” Bí mo bá ti sọ òótọ́ níbẹ̀, èmi nìkan ni ìtìjú ì bá bá. Mo ní, “Òun ló ní ká fi í hàn. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Ojú rẹ̀ kú. Ó tún un sọ wẹ́rẹ́, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ó sì lọ sílé. Nígbà tí Lisiate gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bínú, ó sun ẹlẹ́dẹ̀ láti fi bẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ síwájú ilé rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú oòrùn, àwọn aládùúgbò ń wò ó. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó tọ̀ mí wá. “Inoke, kí ni mo ṣe fún un?” Mo ní ẹ̀rọ ló ṣèèṣì gbé ti àwọn ọkùnrin jáde fún àwọn obìnrin, pé mo ti ṣàlàyé títí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Má bara jẹ́, ọ̀rẹ́ mi. O ti gbìyànjú.” Òun ló ń tù mí nínú! Mo jẹ́ kó tù mí nínú. Láìpẹ́ ó bá àwọn tó ń ká èso lọ sí Ọsirélíà, ó ní ojú ọ̀nà tó kọjá ilé ẹ̀gbọ́n òun ti nira fún òun láti rìn. Gbogbo Kérésìmesì ló ń pè é. Kalolaine a máa wo fóònù náà títí yóò fi dákẹ́.

Kí ọkọ̀ tó gbé òkú rẹ̀ dé, mo lọ bá Kalolaine. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Dìde. Dúró níbẹ̀ kí n rí ojú ẹ.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró, ìbúra, ìka mi, irọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ó ní kí o yọ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Nítorí mi?” “Nítorí yín.” Ìgbà yẹn ló ké. Mo ní, “Ẹ forí jì mí.” Ó ní, “Èmi? Èmi tí mo jókòó síbí, tí mò ń wo fóònù ẹ̀? Ta ló máa forí ji èmi, Inoke? Gbé ìdáríjì kúrò lẹ́nu. Lọ sọ fún gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.” Ohun tí mo ń ṣe nìyí, n kò sì tún béèrè ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀, pé kí ẹ má tún sọ ọ́ láéláé pé Lisiate dójú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá rí ẹni tó ń sunkún, ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀. Ẹ̀rín àwọn èèyàn a máa dùn mọ́ni bí oúnjẹ, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ gbé ọ̀rẹ́ yín fún wọn jẹ.

Kalolaine jókòó tì í lórí. Ó tú irun rẹ̀ ká, kò kúrò níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan bo ojú àbúrò òun títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e. Èmi dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú àwọn tó ń dáná. Nígbà tó tó àkókò láti tẹ́ òkúta dúdú wẹ́wẹ́ sórí ibojì, bí àwọn ẹbí ti ń ṣe fún òkú wọn ní erékùṣù wa, mo bá ọkọ̀ lọ sí erékùṣù òkè oníná, mo ṣà wọ́n fúnra mi. Mo fi omi wẹ iyanrìn kúrò lára wọn, mo da òróró àgbọn sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ń dán, mo sì kúnlẹ̀, mo tò wọ́n fún Lisiate.