Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, tísà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Ìlọrin ni mo sì ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó mi kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún un títí ó fi kú. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ẹnì kan wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ọjọ́ náà n kò lè jẹun dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Eléré orí ìtàgé ni ìyàwó mi. Àmọ̀kẹ́ ni mo ń pè é. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ eléré kan tó ń káàkiri ìlú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Kò tàn mí.

Ilé kéwú ni ó lọ ní kékeré. Ó ń ka Kùránì láìṣì í, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé tí a ń kọ́ ní sùkúù. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà tó bá dé fún un.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá eléré ló máa ń fẹ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n má baà bá ọkọ lọ kí eré dàrú. Ọ̀gá tiwọn ti fẹ́ mẹ́ta. Àmọ̀kẹ́ nìkan ni ó ní ọkọ níta. Àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ọ̀kan nínú wọn a máa sọ pé, "Tísà, ẹ kú bí ẹ ṣe ń bá ọ̀gá eléré tọ́jú ìyàwó." Màá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í dé inú.

Nígbà tí wọ́n fi í sínú fíìmù, tí wọ́n lọ yà á ní abúlé kan lọ́nà Òkè-Òyì, kò dùn mí. Mo tilẹ̀ bá a lọ ní Sátidé méjì. Ipa ìyàwó ọ̀gá wọn ni ó kó nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó pè é ní olówó orí òun. Wọ́n yà á, ó parí. Mo wò ó ní sinimá, mo mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo rò pé bó ti di òṣèré fíìmù, yóò fi orí ìtàgé sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ó ní, "Fíìmù kì í dá mi lóhùn, Tísà. Èrò ìwòran ló ń dá mi lóhùn."

Eré orí ìtàgé wọn kò ní ìwé. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún wọn, oníkálukú á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Nítorí náà eré kan kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ọ̀kan ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀fà, mo tẹ̀lé wọn láìsọ fún un, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọ̀gá náà ń ṣe ọkọ tí ìyá rẹ̀ kú. Àmọ̀kẹ́ jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ní, "Ẹ sunkún. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn. Ohun tí ó sọ fún mi nínú yàrá wa nígbà tí ìyá mi kú nìyẹn, kò yọ ẹyọ kan níbẹ̀. Èrò ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń nu ojú. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láàárín Ọjà-Ọba.

Nígbà tó dé, mo bi í léèrè. Ó ní, "Níbo ni kí n ti rí ọ̀rọ̀, bí kò ṣe nílé mi?" Kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ wọn sinmi nígbà ààwẹ̀. Lẹ́tà kan dé sí sùkúù wa láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà. Ó ní eré tuntun wà nílẹ̀, orí Àmọ̀kẹ́ ni òun gbé e lé, kí ó tètè dé lẹ́yìn ọdún Ìtúnu. Mo mú un délé. Àmọ̀kẹ́ nu ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ kà á fún mi."

Mo kà á. Ohun tí mo kà kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀gá dúpẹ́ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ọmọbìnrin kan tí yóò máa kó ipa rẹ̀, kí ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ohùn tí mo fi ń kàwé ní kíláàsì ni mo fi kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, nítorí náà mo gé e kúrú.

Ní ọjọ́ kejì mo kọ èsì ní orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Mo ti di òṣèré fíìmù. Orí ìtàgé kò tó mi mọ́." Mo fi ránṣẹ́.

Àmọ̀kẹ́ gba lẹ́tà ọ̀gá náà lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú àpótí rẹ̀. Ó ní kí òun má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe lé òun. Ó lọ gba ìsọ̀ ní Ọjà-Ọba, ó ń ta òwú. Bí àwọn èèyàn bá pè é ní òṣèré fíìmù, yóò ní, "Èyí tí ẹ rí yẹn ti lọ."

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ní bí ọdún méjì sígbà náà, wọ́n ṣí kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn àgbà ní àdúgbò Ṣàngó, nítòsí ilé wa. Ó ní òun fẹ́ lọ. Mo ní, "Kí lo máa lọ jókòó níwájú tísà mìíràn fún, nígbà tí èmi wà nílé?" Inú rẹ̀ dùn. Ó ra síléètì. Bó bá gbé e wá, màá ní ó rẹ̀ mí. Nígbà tó yá, kò gbé e wá mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ní A, B, D. Ìyàwó mi ń tẹ̀ka sórí ìwé títí ó fi kú, kí ó má baà lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo.

Nígbà tí Ràṣídà, àkọ́bí wa, mọ ìwé kà, mo jí lẹ́tà náà kúrò nínú àpótí. Àmọ̀kẹ́ wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bóyá eku ló gbé e.

Ẹ lè rò pé owú mi tán. Ó wà nílé lóòótọ́, kò sọ irú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Ọ̀fà fún ọkùnrin kankan mọ́. Kò sọ ọ́ fún èmi náà mọ́.

Ọ̀gá eléré náà ni ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti di arúgbó, ọmọ rẹ̀ ló dì í mú wọlé. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Ràṣídà, ẹ bá mi sọ òótọ́. Kí la ṣe fún un?"

Mo ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn ni."

Ó ní, "Bó bá rẹ̀ ẹ́, kó sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga tó fi kọ̀wé sí mi ni kò jẹ́ kí n yà kí yín láti ọjọ́ yìí. Mo ti dárí jì í."

Ràṣídà ń gbé omi wá fún un, ó gbọ́. Ó wojú mi, nítorí ó mọ̀ pé ìyá òun kò gbéraga rí, kò sì lè kọ̀wé.

Bàbá náà yóò padà wá fún àdúrà ogójì ọjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ láyé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ mi má wọlé mi mọ́, àwọn nìkan ló sì kù mí kù. Bí n kò bá sọ ọ́, ẹni tí mo ṣẹ̀ ni wọn yóò máa dárí jì. Mo mọ èyí tó tọ́. Kí n lè ṣe é ni mo ń wá.

Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ èyí náà fún yín: nígbà tí bàbá arúgbó yẹn ń sunkún ìyàwó mi nínú pálọ̀ mi, mo ṣì ń jowú.