Ajá Bàbá Ràímì Kọ́ Ló Bù Mí Jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ẹlòmíì nímọ̀ràn lójú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tèmi náà yẹ̀ wò. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì. Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé tó bá pẹ́ yóò dà nínú mi bí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò dà.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé Bàbá Ràímì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n dárí ji ajá òun kí òun tó kú. Mo sì ní mo ti dárí jì í. Ẹ̀yin èèyàn mi, ajá yẹn ò ṣẹ̀ mí rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ní Nàìjíríà. Irun ni mò ń dì. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi wá sí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ní iṣẹ́ irun ń lọ dáadáa níbẹ̀, pé Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ, pé n kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo kúrò nílé. Kò pẹ́ tí a dé tí ọ̀rẹ́ mi fi bá ọkọ lọ sí Kùtọnu, ó ku èmi nìkan. Yorùbá ni wọ́n ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ tiwọn láàárín ara wọn, ó máa ń dà bíi pé mò ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Tó bá wá di ti ọ́fíìsì tàbí lópitáàlì, Faransé àti Fọ̀n ni. N kò gbọ́ ìkankan.

Ilé Bàbá Ràímì, lójú ọ̀nà Okpomèta, ni mo gba yàrá sí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé náà. Àgbẹ̀ ni Bàbá, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ẹnu fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ríra. Ajá pupa kan ló kù sọ́dọ̀ rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sọ ní Bámikálẹ́ kó tó lọ.

Bàbá lọ sóko, Bámikálẹ́ á ti wà níwájú. Bàbá ń kírun, Bámikálẹ́ á dùbúlẹ̀ ti bàtà rẹ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí a máa bá a wí pé ajá ò yẹ mùsùlùmí. Bàbá á ní, "Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ìyàwó mi ló ni ín. Mò ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ da ìdọ̀tí nù lẹ́yìn ọjà. Ajá kan jáde lábẹ́ àtíbàbà. Ajá dúdú ni, ó rù, n kò rí i rí, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. N kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó bù mí jẹ lójúgun, ó sì bá tirẹ̀ lọ sínú igbó.

Mo tiro délé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àwọn obìnrin yí mi ká. Màmá Fọlá, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bi mí pé, "Ajá ta ni?" N kò tíì dáhùn tí ẹlòmíì fi ní, "Tó bá jẹ́ ajá ìgboro, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ta lèèyàn fẹ́ dì mú? Ẹni tó lájá ló ń tọ́jú ẹni tájá bù jẹ."

Ìgbà yẹn gan-an ni Bámikálẹ́ wá ń gbóòórùn ẹsẹ̀ mi. Ó lá ojú egbò náà. Ẹ̀jẹ̀ kàn án nímú. Màmá Fọlá pariwo, "Áà! Ṣé èyí ni?"

Mo mi orí pé òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Ajá tó bù mí jẹ ò ní olúwa, èmi náà ò sì ní ẹbí nílùú náà. Mo rò ó pé tí ajá bá ní olúwa, èmi náà á ní ẹni tí yóò gbé mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi rò ó, mo sì ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá lóko. Ó dé, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, èmi tí mo kéré sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Pàdọ́ọ̀n, ọmọ mi. Ajá mi dójú tì mí." Àwọn àgbà obìnrin ní kí wọ́n gé irun ajá náà, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n pò ó mọ́ epo, kí wọ́n fi kùn mí lẹ́sẹ̀, pé irun ajá tó bù èèyàn jẹ ló ń wo ojú egbò rẹ̀ sàn. Bámikálẹ́ dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n gé e. Irun ajá tí kò bù mí jẹ ni wọ́n fi kùn mí lẹ́sẹ̀, èmi òpùrọ́ sì ń sọ pé ó ti ń rọ̀ mí.

Bàbá ní ti àwọn àgbà nìyẹn, ó ku ti lópitáàlì. Ó dá zẹ́mí kan, ọlọ́kadà tiwọn níbí, dúró, ó gbé mi sáàárín ọ̀kadà, òun jókòó sẹ́yìn, ó dì mí mú kí n má baà ṣubú.

Nọ́ọ̀sì fi ọṣẹ àti omi fọ irun àti epo yẹn kúrò, ó pẹ́ gan-an lórí rẹ̀. Ó ń bá wa wí ní Faransé, Bàbá ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Nígbà tó bèèrè ẹni tó lájá, Bàbá ò dúró dè mí. Ó ti dáhùn pé òun ni. Nọ́ọ̀sì gún mi ní pikíì, bí wọ́n ṣe ń pe abẹ́rẹ́ níbí. Ó ní ó ṣì ku púpọ̀, a máa padà wá gbà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó dá mi láàmú. Ó ní kí Bàbá lọ so ajá náà mọ́lẹ̀, kó máa wò ó. Tí nǹkan kan ò bá ṣe é títí di ọjọ́ tí òun dá, a jẹ́ pé kò ní àrùn, wọn ò sì ní gún mi mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kú, tàbí tó bá sọnù, dandan ni kí n gba gbogbo pikíì náà tán. Inú Bàbá dùn bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Kò sóhun tó ń ṣe Bámikálẹ́. Wọn ò ní gún ọ púpọ̀."

Kò sóhun tó ń ṣe Bámikálẹ́ lóòótọ́. Ajá dúdú tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ló bù mí jẹ, mo sì ti gbọ́ nílé wa ohun tí ajá dìgbòlugi ń fojú èèyàn rí. Tí wọ́n bá dá pikíì náà dúró, ó lè jẹ́ ikú mi ni mo fẹnu ara mi pè.

Ẹ̀yin náà á ní kí ló dé tí n kò sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? N kò gbọ́ Faransé, n kò gbọ́ Fọ̀n. Ẹnu Bàbá ni òtítọ́ náà máa gbà kọjá. Bàbá ló máa bá mi túmọ̀ rẹ̀ pé mo purọ́ mọ́ òun. Mo la ẹnu. Bàbá wojú mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu òógùn níwájú orí mi. Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Wọ́n so Bámikálẹ́ mọ́ ìdí máńgòrò. Ó ń jẹun, ó ń ju ìrù. Gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́ pé ara ajá le. Èmi nìkan ni kò rí oorun sùn nítorí pé ara ajá le.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá lọ kírun. Ìyá Kọ́lá, oníbàárà mi kan láti Idigny, wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun rẹ̀ tán. Mo yọ́ lọ sídìí máńgòrò, mo tú okùn. Mo rò pé yóò sá lọ. Bámikálẹ́ jókòó, ó ń wò mí. Mo lé e, ó fi ara nù mí lẹ́sẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan, ẹni tí mo purọ́ mọ́ kọ̀, kò fi mí sílẹ̀.

Ìyá Kọ́lá ti máa ń ráhùn pé ọ̀yà ń jẹ àgbàdo òun. Mo pè é. Mo ní ajá mi rèé, n kò lágbára àtibọ́ ọ mọ́, kó máa mú un lọ. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá mú un relé, wọ́n gbé ajá náà sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Bámikálẹ́ ò gbó. Ó ń wò mí títí wọ́n fi yà.

Bàbá mú ẹran sàárà bọ̀ fún un láti mọ́ṣáláṣí. Okùn ló bá. Mo ní irun ni mò ń dì, n kò mọ ìgbà tó já. Bàbá rin gbogbo ojú ọ̀nà oko, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní, "Dìgbòlugi ni. Bí wọ́n ṣe máa ń sá wọgbó lọ kú nìyẹn." Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò lè gbójú sókè láàárín wọn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ pé ajá ti sọnù. Wọ́n sì gún mi tán.

Òun ló ń mú mi lọ gbà á títí tó fi parí. Tí wọ́n bá fẹ́ gún mi, á di ọwọ́ mi mú, bí mo ṣe dàgbà tó yẹn. Tí a bá ń bọ̀, á ra ọsàn fún mi, á máa sọ ìtàn ìyàwó rẹ̀. Bàbá tèmi kú nígbà tí n kò tíì mọ nǹkan kan. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọmọ bàbá tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràímì ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ń lọ́kọ, àyè bàbá ni ó jókòó sí. Òun ló sọ ọmọ mi lórúkọ. Tí òjò bá ṣú, á bi mí, "Ẹsẹ̀ yẹn ò dùn ọ́, àbí?" Kò sin ajá mìíràn mọ́. Ó ní ẹni tí ajá rẹ̀ ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní ibi rí, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ajá dúdú yẹn ńkọ́? N kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń gbàdúrà pé kó má bu ọmọ ẹnì kan jẹ. N kò gbọ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Láti ìgbà ọyẹ́ ni ara Bàbá ò ti le mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi máa bi mí léèrè ajá rẹ̀ tí mo bá dé ọ̀hún. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé ó ṣe ibi, ó sì kú sígbó? Bá mi dárí jì í, kí n lè rí nǹkan sọ." Mo ní mo ti dárí jì í. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì sùn lọ. Ojú rẹ̀ rọ̀. Mo jáde síta, mo sunkún.

Lówùúrọ̀ òní, mo gun zẹ́mí lọ sí Idigny. Mo rò pé ajá náà á ti kú. Abẹ́ àká ni mo bá a, ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ó kọ́kọ́ kùn sí mi. Ó wá gbóòórùn ojúgun mi, ibi àpá yẹn, ó sì lá a.

Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Kọ́lá. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Hẹ̀ẹ́n! Ajá tó jẹ́ ẹ̀rí-ọkàn rẹ ni mo fi ń ṣọ́ àgbàdo láti ọjọ́ yìí? Mú un lọ. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá ní òun ò fẹ́ rí ọ mọ́, má padà wá bá mi jà o."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo so ó mọ́ báyìí. Láti àárọ̀ kò tíì jẹun. Ilẹ̀kùn Bàbá ló ń wò.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkàn Bàbá lè má gbà á. Ẹ̀rù sì ń bà mí fún ara mi, n kò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé mo tún di àlejò tí kò lẹ́nì kan. Tí n kò bá sọ ọ́, irọ́ mi ni Bàbá máa gbé lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Bàbá ti jí. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Bámikálẹ́ náà gbọ́ ọ, ó ti dìde, okùn ti le. Níjọ́sí mo tú u, kò lọ. Lónìí, tí mo bá tú u, mo mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún mi: èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ, pé ajá rẹ̀ ti dé, tàbí pé èmi ni mo mú un lọ?