Ìka Tí Mo Nà Lójú Òkun

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọdún méje ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò ṣeé tu, kò ṣeé gbé mì. Lónìí mo fẹ́ tu ú síta. Èmi Wàsíù, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, òmùwẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní olùgbàlà Tìmílẹ́yìn, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Èmi náà ni mo ba Bọ́lájí lórúkọ jẹ́. Kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ ìwé yìí. Tìmílẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ohun tó sọ fún mi ló mú kí n jókòó kọ ọ́. N ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi ṣe sọ mí di ènìyàn, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi tọrọ àánú. Yanrìn ni mo kọ́kọ́ ń wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, pẹ̀lú korobá àti àkàsọ̀ igi, láìsí gíláàsì lójú, láìsí afẹ́fẹ́ kankan àfi èyí tí mo bá mí sínú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 1994 ni etí mi òsì bẹ́ nísàlẹ̀ omi. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ìgbín fọ́. Korobá mẹ́tàlélógún ni mo ti gbé sókè kí ó tó ṣẹlẹ̀, mo sì tún gbé mẹ́rin sí i, nítorí ọ̀gá wa sọ pé ọkọ̀ kò tíì kún. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kàwé. Iwájú pátápátá ni mo máa ń jókòó, kí etí ọ̀tún mi lè gbọ́ tíṣà. Nígbà tí Màdáàmù Olúbùnmi, ọmọ Èkìtì, dá ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ sílẹ̀ ní Onikan lọ́dún 2009, èmi ni ó kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í wá wa yanrìn. Wọ́n ń wá gbádùn ara wọn ni. Wọ́n á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́yìn, wọ́n á lọ wo ẹja níbi tó ń gbé. Ẹlòmíràn á ní ta ló ń lọ wo ẹja lábẹ́ omi l'Ékòó, nígbà tí ó wà nínú ọbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ̀ ẹrù kan wà ní ìta ẹnu òkun, ó ti rì kí n tó dàgbà. Irin rẹ̀ ti di àpáta. Ẹja kéékèèké onílà dúdú àti ofeefee kún inú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé, ẹja kúta gígùn a máa dúró lókè wọn láìmira bí ọ̀bẹ tí wọ́n so kọ́, nígbà mìíràn ìjàpá òkun á sùn sí abẹ́ ìdí ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n omi Èkó kì í ṣe omi tí ènìyàn ń rí inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà òjò, gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀sà ló ń tú sínú òkun, o ò ní rí àtàǹpàkò ara rẹ. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń mọ́, àti nígbà tí omi òkun bá ń kún wọlé. Nítorí náà a ní àṣà kan. A so ègé aṣọ funfun mẹ́jọ mọ́ okùn ìdákọ̀ró; ìwọ̀n ọwọ́ méjèèjì tí a nà ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹnì kan ṣoṣo á kọ́kọ́ wọ omi, á dé ìsàlẹ̀, á gbójú sókè, á ka iye aṣọ tó bá rí. Nígbà tó bá yọrí, rọ́bà ìmí wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ìka ni á nà sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Bó bá na méjì, a ó padà sílé. Bó bá na márùn-ún, omi mọ́, kò séwu, a ó wọlé. Èmi ni mo máa ń lọ ka aṣọ. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò bá ìka mi jiyàn rí.

Lọ́dún 2011 mo rí ohun pupa kan tó hù sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó dà bí ìgbálẹ̀ kéékèèké, ó ń mì pẹ̀lú omi. Mo sọ fún Màdáàmù. Ó ní, "Wàsíù, koríko òkun ni. Ṣé koríko lo fẹ́ ká fi han àlejò?" Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ní oṣù kejì ọdún 2017 ni Tìmílẹ́yìn dé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀ ní Zanzibar. Ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé ló gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, ó ya ohun pupa mi yẹn. Ariwo ló mú bọ̀: "Màdáàmù, iyùn ni! Iyùn tó wà láàyè! Ẹranko ni, kì í ṣe koríko!" Màdáàmù dì mọ́ ọn. Kí oṣù náà tó parí wọ́n ti kan pákó kan mọ́ ògiri ní Onikan, wọ́n fi sọ ibi tí iyùn náà wà lórúkọ: ỌGBÀ TÌMÍLẸ́YÌN. Mo dúró níwájú pákó yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì tún gbọ́ ìgbín yẹn tó fọ́ nínú etí mi.

Ohun tó burú jù ni pé ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ̀gbọ́n ló mọ omi yìí, èmi orúkọ ẹja nìkan ni mo mọ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, òun ni wọ́n á sì bá ya fọ́tò. Bọ́lájí, tó ń wa ọkọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ló kọ́kọ́ fura. Ó wò mí lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, ojú yín mà ti pọ́n ju iyùn yẹn lọ! Ẹ rọra o, kí Màdáàmù má baà sín yín ṣe ìlẹ̀kẹ̀." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Inú mi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń bá ọmọ tí mo lè bí jowú, mo sì mọ̀ pé owú ni.

Ọjọ́ Sátidé kejì oṣù kọkànlá ọdún 2018 ló ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́ta péré la wà nínú ọkọ̀. Tìmílẹ́yìn fẹ́ ya fọ́tò tí Màdáàmù máa fi han àwọn àlejò kan láti òkèèrè. Bí fọ́tò náà bá dára, òun ni wọn yóò fi ṣe olórí àwọn olùkọ́ wa, ipò tí mo ti ń retí láti ọdún 2009. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn. Mo wọ omi. Nísàlẹ̀, aṣọ méjì ni mo rí, èkejì gan-an bí òjìji. Mo rí ohun mìíràn: àwọ̀n apẹja kan, tuntun, tó ti há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí iyùn wà, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ fèrèsé. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwáwí pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo yọrí, oòrùn ń ràn, mo wo ojú ọmọ náà tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì na ìka márùn-ún.

Bọ́lájí wo ojú omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí mà pọ́n o." Mo yọ rọ́bà lẹ́nu, mo ní, "Òkè nìkan ló pọ́n. Ìsàlẹ̀ mọ́ bí omi kànga." Yàtọ̀ sí ẹni tó lọ ka aṣọ, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í dá wọ omi. Ṣùgbọ́n mo ní kí Tìmílẹ́yìn máa lọ, pé mo fẹ́ pààrọ̀ àgbá afẹ́fẹ́ mi, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn nínú fọ́tò. Bọ́lájí ti sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Pákó yẹn, orúkọ yín ló yẹ kó wà níbẹ̀, mo máa sọ fún Màdáàmù." Etí mi tó dára ni mo fi gbọ́ ọ. Ọmọ náà fẹ́ dá ohun mi padà fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni ì bá dá a dúró, mi ò sọ ọ́. Ó bẹ́ sómi.

Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù lásán ni mo fẹ́ kó bà á, kó ṣìnà, kó padà wá láìní fọ́tò. Kí wá ni mo fẹ́ kí àwọ̀n ṣe fún un? Ibi tí èémí rẹ̀ ti ń hó lójú omi kọ́kọ́ ń rìn, lẹ́yìn náà ó dúró. Mo ń so okùn àgbá mi, mo ń tú u, mo tún ń so ó. Mo ń wo aago. Ní ìṣẹ́jú kẹta Bọ́lájí ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi tó ń hó yẹn ò kúrò lójú kan mọ́." Mo ní, "Fọ́tò ló ń yà." Ní ìṣẹ́jú karùn-ún ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò ó!" Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?" Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, omi dẹ́kun híhó. Ojú òkun tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sí nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ́.

Ọwọ́ ni mo fi wá a, ojú kò ríran. Àwọ̀n ti wé mọ́ àgbá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, rọ́bà ìmí ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n náà. Bí mo ti fẹ́ fi rọ́bà tèmi sí i lẹ́nu, ó já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sáré lọ sókè, ohun tí a máa ń kìlọ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kìíní pé ó ń pani. Ẹ̀jẹ̀ ń ti imú rẹ̀ jáde nígbà tí Bọ́lájí fà á sínú ọkọ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní, ìka tí mo nà nìkan ló rántí, kò rántí ọ̀rọ̀ kankan tí a sọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wọ omi jíjìn mọ́ láéláé.

Màdáàmù pè wá jọ. "Wàsíù, ìka mélòó lo nà?" Mo ní, "Méjì ni, Màdáàmù. Ọmọ náà kánjú, kò wò ó dáadáa." Bọ́lájí fò dìde: "Irọ́ ni! Márùn-ún ni! Ojú mi méjèèjì ló rí i! Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!" Màdáàmù ní, "Ta ló wọ omi lọ gé àwọ̀n lára ọmọ náà, ìwọ àbí Wàsíù?" Ó lé e lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá Tìmílẹ́yìn gbéra láti Iléṣà, obìnrin tó jù mí lọ, ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo gbé e dìde. Mo jẹ iṣu tó gbé wá. Wọ́n fi mí ṣe olórí olùkọ́, wọ́n yọ pákó àtijọ́, wọ́n kan òmíràn: ỌGBÀ WÀSÍÙ. Gbogbo ohun tí mo jowú rẹ̀ pátá ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mi ò sì tíì lè gbójú sókè wo pákó náà rí.

Bọ́lájí ń pe èrò sọ́kọ̀ ní èbúté CMS báyìí. Bí mo bá ń kọjá, kì í kí mi, kì í sọ̀rọ̀. Á kàn na ìka márùn-ún sókè. Àwọn èrò á dá sí i: "Ẹ wo aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí! Àgbàlagbà lo ń nawọ́ sí bẹ́ẹ̀?" Mi ò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo wí, Tìmílẹ́yìn gun àtẹ̀gùn ilé mi, mẹ́rìnlá ni, mo ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ọdún méje ni mo fi ń wá ìgboyà. Oòrùn ló wọ̀ mí lójú, mo rò pé márùn-ún ni mo rí. Ojúkòkòrò fọ́tò ni. Díẹ̀ ló kù kí n pa ẹ̀yin náà mọ́ ara mi." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó dúró ní àbọ̀, ó di ọ̀pá mú. Mo ní, "Ó ti tán, ó ti tán." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: mo dárí ji ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ní Sátidé yìí n ó ka ìwé yìí ní Onikan níwájú gbogbo yín. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ lọ sí CMS, lọ́sàn-án gangan nígbà tí èrò bá pọ̀, n ó dúró níwájú Bọ́lájí, n ó sì na ìka márùn-ún kí ó tó na tirẹ̀. Bó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Màdáàmù, ẹ pè é padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yọ orúkọ mi lára pákó, ẹ má sì fi ti ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Iyùn ló ni ibẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ní omi wíwọ̀, mo kọ́ yín láti bẹ̀rù ìṣàn omi, mi ò kọ́ yín láti bẹ̀rù èyí: lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jowú ẹnì kan, ẹ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò lọ ka aṣọ fún un. Ẹ ní kí ẹlòmíràn lọ.

Tìmílẹ́yìn, mi ò lè ní kí o dárí jì mí kí o tó mọ ohun tí o ń dárí rẹ̀ jì. Oòrùn kò wọ̀ ọ́ lójú. Aṣọ méjì ni mo rí. Márùn-ún ni mo nà.