Ẹní Tí Ìyá Ebiere Hun

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ebiere, fi aṣọ yẹn sílẹ̀, má tíì ṣí i. Mo mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n yàn láti ṣí orúkọ mi lára ògiri ilé tuntun yìí, kí gbogbo ènìyàn lè kà á pé Jẹ́jẹ́lọlá Fọláránmi, mátírọ̀nù yín, ni ìyá gbogbo ẹ̀yà. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀gá wa, Mísítà Tọ́máàsì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Dókítà ti sọ fún mi pé nǹkan tó ń jẹ mí nínú kò ní jẹ́ kí n rí ìdajì ọdún 1974. N kò bẹ̀rù ikú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n kú tán, kí ẹ wá máa fi orúkọ mi kọrin nínú ọgbà yìí. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí àwọn kan tó jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké kò mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe rí kí Mísítà Tọ́máàsì tó ti Íńdíà dé ní 1967. Pátákó kan wà tí a so okùn mọ́. Ọmọ tó bá fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ la ó gbé e kọ́ lọ́rùn, yóò sì máa gbé e kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mísítà Tọ́máàsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú iná ìdáná. Ó ní ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ìjọ́, ọmọ Ùròbò, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ àwọn tíṣà tó ti Gánà àti Íńdíà wá, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ó yọ̀ǹda yàrá kan fún àwọn tó ń kírun. Ó ní láràárọ̀ Jímọ̀, kí ọmọ kan dúró níwájú, kó kí wa ní èdè ilé rẹ̀. Ó ní bí àwọn òbí bá wá wo ọmọ ní Sọ́ńdè, kí òṣìṣẹ́ kan wà ní géètì tó máa fi èdè tiwọn gbà wọ́n, kí òbí kankan má dúró síbẹ̀ bí àjèjì. Ta ló ní kó bójú tó gbogbo rẹ̀? Èmi ni. Ó ní, "Mama, ojú kan náà lẹ fi ń wo gbogbo ọmọ." Mo tẹrí ba, mo dúpẹ́. Alágàbàgebè ni mí! Èmi ni mo kọ orúkọ àwọn tó máa gba àwọn òbí, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Gbogbo èdè ló rí ẹnì kan. Níwájú "Ìjọ́", mo kọ ọ́ pé: kò sí.

Ó wà. Èmi ni. Ọmọ Ìjọ́ ni ìyá tó bí mi, láti apá Arógbò. Ẹ má pariwo, n kò tíì dé ibi tí ẹ ó ti pariwo. Àyèká ni wọ́n ti tọ́ mi, nílé bàbá mi, ṣùgbọ́n títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èdè ìyá mi ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ ilé bàbá mi á di imú bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní òórùn ẹja ń bọ̀. Mo gbé èdè náà mì. Mo fẹ́ ọkọ, n kò sọ fún un. Mo bí ọmọ mẹ́rin, n kò sọ fún wọn. Wọ́n wà láàárín yín níbẹ̀, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

January 1969 ni Katikíìsì Lucas ti Ìrẹ̀lẹ̀ mú Ebiere wá. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ti fà á lé katikíìsì lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́ta ṣáájú kó lè kàwé, ọ̀dọ̀ katikíìsì ló sì ń lo ìsinmi rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, mo ń wo oúnjẹ àwọn ọmọ ní ilé ìdáná, ni ìdérí ìkòkò bá jó mi lọ́wọ́. Mo ké. Èdè ìyá mi ló jáde! Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ yé àfi ọmọ yìí. Ó sáré bu omi wá, inú rẹ̀ ń dùn, ó fi èdè Ìjọ́ bi mí pé, "Mama, tiwa ni yín?" Mo fọ́ ọ létí. Ó gbé omi wá fún mi, mo fọ́ ọ létí! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo tíṣà pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá kàn án láti kí wa ní Jímọ̀, màá ní ojú ń tì í, màá fò ó. Mísítà Adébọ̀wálé, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí òbí ọmọ Ìjọ́ kan bá yọ, ẹ̀yin lẹ máa ń ní, "Ẹja ti gòkè o!", tí gbogbo yàrá àwọn tíṣà á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló máa ń ròkè jù. Ẹ má wolẹ̀. Ojú mi ni kẹ́ ẹ wò.

Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù Máàṣì, lọ́sàn-án gangan, Jàfárù tó ń ṣọ́ géètì wá pè mí. Ó ní obìnrin kan dé, òun kò gbọ́ èdè rẹ̀, "Ebiere, Ebiere" nìkan ló ń sọ. Mo lọ. Obìnrin náà ti wà lójú omi láti ìdájí, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Kò wọ bàtà. Ẹní kan wà lórí rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi okùn dì í. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́nì kan àfi Jàfárù. Mo fi èdè Ìjọ́ kí i. Háà, ẹ̀yin ènìyàn! Ṣe ló bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Tiwa ni yín! Ọlọ́run ló fi yín síbí fún ọmọ mi!" Mo ní kó jókòó. Mo wọlé bí ẹni tó fẹ́ lọ pe ọmọ. Ebiere wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ, ó ń kọrin. Mo dúró, mo wò ó. N kò pè é. Mo padà sí géètì, mo ní, "Ó ní òun kò fẹ́ rí yín. Ó ní kẹ́ ẹ má wá mọ́, pé ẹ ń dójú ti òun láàárín ẹgbẹ́." Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èdè ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú ọgbà yìí, irọ́ ni mo fi pa. Nítorí kí ni? Kí ìyá àtọmọ má baà jókòó sọ̀rọ̀ mi, kí gbogbo Arógbò má baà máa wá kí mi bí ẹbí ní géètì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin náà dìde dúró. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́?" Mo ní, "Ẹnu ara rẹ̀ ni." Ó sọ ẹní kalẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan fún mi tí màá sọ láìpẹ́, ó sì lọ. Mísítà Tọ́máàsì pàdé rẹ̀ lọ́nà tó ń sunkún, ó wá bi mí léèrè. Mo ní, "Ẹlẹ́ja ni sà, ọjà rẹ̀ ni kò tà." Jàfárù ní, "Mama, ẹ kò kúkú pe ọmọ náà." Mo ní bó bá ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó pa á mọ́. Òun kọ́ lẹ ó bá wí.

Èyí tó burú jù ló kù. Ní ọdún kejì, lásìkò òjò, ìyá náà kú. Ìgbà tí wọ́n ti sin ín tán ni katikíìsì tó wá sọ. Ebiere wá bá mi ní yàrá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mama, ìyá mi kò wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ó fi kú. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?" Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹní náà wà, nítòsí orúnkún rẹ̀. Mo ní, "Bí àwọn ènìyàn yín ṣe rí nìyẹn. Wọn kì í ka ọmọ sí." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ gbọ́? Ó dúpẹ́! Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní ìyá mi, tí ẹ sì ń yìn mí pé mo gba ọmọ aláìníyàá tọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gba ohun tí wọ́n bá kọ sára ògiri gbọ́. Ẹ máa wo ẹni tó dúró ní géètì. Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà pa orúkọ mi rẹ́ kí oòrùn òní tó wọ̀. Ebiere, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. N kò tó ẹni tí ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àrìnkẹ́, ọmọ mi, gbé ẹní yẹn wá fún un. N kò tú u rí. Ìyá rẹ ló hun ún, Ebiere. Ọ̀rọ̀ tó fi rán mi nìyí, ó di ọdún karùn-ún tí mo ti gbé e pamọ́: "Bó tilẹ̀ kọ̀ mí, ẹ bá mi fún un. N kò mọ bó ti ga tó báyìí, ìyẹn ni mo ṣe hun ún gùn díẹ̀. Bí kò bá gùn tó, kó ránṣẹ́ sí mi, màá hun òmíràn."